Nígbà Tí Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Bá Dákẹ́ ní Etíkun Àgbádárìgì

Nígbà tí Àjàyí Crowther, Henry Townsend àti C. A. Gollmer gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1845, ilẹ̀ tí wọ́n fẹsẹ̀ tẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ tí kò gbọ́ ìró ìwé rí, nítorí pé àwọn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí Thomas Birch Freeman ṣáájú fún ti dé ibẹ̀ láti ọdún 1842. Ṣùgbọ́n bí ẹnu tilẹ̀ ń ka ìwé létí ọ̀sà, tí ọwọ́ sì ń kọ ọ́, ọ̀nà jíjìn ni ìwé náà ń rìn kí ó tó di títẹ̀. Ìwé tí Crowther ṣe lórí àwọn ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá, ní London ni a ti tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1843, ìgbà tí Townsend sì gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta ni Ìwé Ìròyìn tó lè jáde ní ọdún 1859. Lónìí, ní Àgbádárìgì kan náà, ìlú Akran, ìlú àwọn Ẹ̀gùn, ìlú tí òkun ń kọrin sí létí tọ̀sán tòru, ọmọ ilé-ìwé tí ó bá wọ inú bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan yóò gba ìwé tí a tẹ̀ lọ́wọ́ kí ó tó jókòó gbóná, owó péréte ni yóò sì san. Ọlá ńlá ni èyí, bí a bá rántí ibi tí a ti ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá ti mọ́ni lára tán, ọjọ́ tí a bá wá a tì ni a ń mọ iyì rẹ̀. Ní gbogbo ojú ọ̀nà márosẹ̀ tí ó ti Èkó wá sí Àgbádárìgì, tí ó sì lọ dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, ìwé ni ó ń gbé iṣẹ́ rìn: ilé ìwòsàn ń tẹ èsì àyẹ̀wò, ilé-ìwé ń tẹ ìbéèrè ìdánwò, ọ́fíìsì ìjọba ń tẹ ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀, àwọn tí ń bá oníṣòwò gba ẹrù jáde ní ẹnubodè ń tẹ ìwé ẹrù, ilé ẹ̀kọ́ ASCON tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1973, tí ó wà ní Topo, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní iṣẹ́ àkóso, sì jẹ́ ẹ̀rí láàárín wa pé àkóso àti ìwé kì í ya ara wọn. Ní ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ṣoṣo ni ènìyàn mẹ́wàá tàbí ogún ń jùmọ̀ lò, ọjọ́ tí ó bá sì dákẹ́, gbogbo wọn ni ó dákẹ́ mọ́ lọ́wọ́. Ẹnìkan yóò gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹnìkejì yóò yọ wáyà rẹ̀ tì í padà, ẹnìkẹta yóò ní kí a lọ ra òmíràn, àwọn oníbàárà yóò sì tò sí ẹnu ọ̀nà títí oòrùn yóò fi wọ̀.

Bí a bá rora wò ó, kì í ṣe ẹ̀rọ ni ó ń ná wa lówó jù ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ìkánjú ni. Àwọn baba wa ní a kì í fi ètè sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá. Síbẹ̀, èyí gan-an ni ẹni tí ó ra toner tuntun ń ṣe nígbà tí ó jẹ́ pé wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ó já, èyí náà sì ni ẹni tí ó pa gbogbo ohun tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ rẹ́ ń ṣe nígbà tí ó jẹ́ pé àdírẹ́sì ẹ̀rọ ni ó yí padà lóru. Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé mi mú lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: ìwé tí a fẹ́ tẹ̀ ní ipa ọ̀nà tí ó ń tọ̀ láti ọwọ́ ẹni tí ó kọ ọ́ títí dé orí bébà, bí kò bá sì dé, ibi kan pàtó ni ó ti dúró. Ẹni tí ó bá fi sùúrù tọ ipa náà láti ibùdó dé ibùdó yóò bá àbùkù náà níbi tí ó lúgọ sí, bí kò tilẹ̀ kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ rí.

Ohun Tí Print Server Ń Ṣe

Ní ìgbà kan, kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ni ó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tirẹ̀, wáyà kúkúrú kan ni ó sì so àwọn méjèèjì pọ̀. Ní ilé ìwádìí Xerox tí ó wà ní Palo Alto ní ìpínlẹ̀ California, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ni Gary Starkweather ti ṣe ẹ̀rọ tí ń fi ìtànṣán laser kọ̀wé sórí bébà. Ní ilé ìwádìí kan náà ni Robert Metcalfe ti gbé ètò Ethernet kalẹ̀ ní ọdún 1973, ìyẹn ètò wáyà tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí di òní, kí gbogbo kọ̀ǹpútà ilé náà lè jùmọ̀ lo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Starkweather sì wà lára ohun tí ó mú kí a wá ètò náà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, nígbà náà, ọmọ ìyá ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti ìwé títẹ̀. Ní ọdún 1991, ilé-iṣẹ́ Hewlett-Packard gbé JetDirect jáde, ohun èlò kékeré tí a ń fi sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tàbí tí a ń so mọ́ ọn, tí ó sì ń jẹ́ kí ẹ̀rọ náà dá dúró lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì láìsí pé ó ń sìn lábẹ́ kọ̀ǹpútà kankan.

Ẹni tí ó bá ti dúró rí ní èbúté Marina ní Àgbádárìgì, níbi tí ọkọ̀ ti ń gbé èrò kọjá ọ̀sà lọ sí erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fú, kò ní pẹ́ mọ iṣẹ́ tí print server ń ṣe. Èrò ń ti ìhà gbogbo wá, ọkọ̀ kan ni ó sì wà létí omi. Olùtọ́jú èbúté ni yóò gbà wọ́n, òun ni yóò tò wọ́n sí ìlà, òun ni yóò sì máa fi wọ́n wọ ọkọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti dé sí. Bí ẹrù ẹni tí ó wà níwájú bá há sí ẹnu ọ̀nà, gbogbo àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò dúró, bí ara ọkọ̀ tilẹ̀ dá ṣáṣá tí omi sì pa rọ́rọ́. Èrò wọ̀nyí ni ìwé tí a fẹ́ tẹ̀, ọkọ̀ náà ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, olùtọ́jú èbúté náà sì ni print server.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a ti ń rí i ní ibi iṣẹ́ wa. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ó wà nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fúnra rẹ̀, bí ó ti rí nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní tí ó ní ihò wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tàbí Wi-Fi. Èkejì ni àpótí kékeré tí a ń so mọ́ ẹ̀rọ tí kò ní irú ihò bẹ́ẹ̀. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ ra èyí sì kíyè sára, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú kò lè bá àpótí náà ṣiṣẹ́, nígbà tí ó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni ó ń bá wọn ṣe ìrònú wọn. Ẹ̀kẹta ni kọ̀ǹpútà kan tí a yà sọ́tọ̀ láti máa gba iṣẹ́ àwọn ìyókù, bóyá Windows ni ó ń lò, bóyá Linux pẹ̀lú CUPS, ètò tí Michael Sweet bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1997, tí Apple sì ti ń lò nínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀ láti ọdún 2002. Èyíkéyìí tí ó bá jẹ́, ibùdó mẹ́rin ni ìwé ń kọjá: kọ̀ǹpútà ẹni tí ó kọ ọ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì, print server, àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Àwọn ibùdó mẹ́rin yìí ni ilẹ̀ tí a óò rìn.

Ta Ni Kò Lè Tẹ̀?

Abèèrè kì í ṣìnà. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan wáyà, kí ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó wà ní ọ́fíìsì bóyá gbogbo wọn ni kò lè tẹ̀wé tàbí ẹnìkan ṣoṣo. Bí ó bá jẹ́ ẹnìkan, a ti dá print server àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé láre nìyẹn, inú kọ̀ǹpútà ẹni náà tàbí wáyà tirẹ̀ ni kí a máa wò. Bí ó bá jẹ́ gbogbo wọn, kí a fi kọ̀ǹpútà wọn sílẹ̀, kí a kọjú sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, print server àti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ àwọn tí ó wà nínú yàrá kan ni kò lè tẹ̀, tí àwọn ti yàrá kejì ń tẹ̀, a jẹ́ pé ohun tí ó so yàrá náà mọ́ ìyókù ni kí a lọ wò. Ìbéèrè kan yìí, tí kò gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ń gbani lọ́wọ́ ìdajì iṣẹ́. Ẹni tí ó bá sì fò ó, tí ó gbọ́ tẹnu ẹnìkan ṣoṣo tí ó sì dá ẹ̀rọ lẹ́bi, ti ṣe ohun tí àwọn àgbà kọ̀ fún adájọ́.

Ìbéèrè kejì ni pé kí ni ó yí padà. Ṣé iná lọ, tí ó sì padà dé? Ṣé ẹnìkan gbé tábìlì kúrò níbi tí ó wà? Ṣé a ra ráútà tuntun? Ṣé kọ̀ǹpútà ṣe àtúnṣe ara rẹ̀ lóru? Ẹ̀rọ tí ó ṣiṣẹ́ lánàá tí kò ṣiṣẹ́ lónìí ní ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín òru, bí a bá sì rí ohun náà, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí oògùn rẹ̀.

Ẹ̀rọ Fúnra Rẹ̀

Bí ọ̀rọ̀ bá kan gbogbo ènìyàn, ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òun ni ojú lè rí, tí ọwọ́ sì lè tó. Kí a wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń kéde nǹkan: bébà tí ó tán, bébà tí ó há, ìlẹ̀kùn tí kò pa dé, toner tí ó gbẹ. Lẹ́yìn náà kí a ní kí ó tẹ ojú ìwé àyẹ̀wò tirẹ̀ jáde, èyí tí a lè ṣe láti ara ẹ̀rọ náà láìlo kọ̀ǹpútà. Bí ìwé náà bá jáde dáradára, ẹ̀rọ náà kò ní ẹ̀bi, kí ẹnikẹ́ni má sì tú u mọ́. Bí kò bá jáde, a kò ní ohun kan ṣe pẹ̀lú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, oníṣẹ́ ẹ̀rọ ni kí a pè.

Àwa tí a ń gbé etíkun ní láti fi ohun kan kún èyí. Afẹ́fẹ́ òkun tútù, ó sì ní iyọ̀ nínú. Bébà tí a tú kúrò nínú ọ̀rá rẹ̀ tí a sì fi sílẹ̀ lásán ń mu omi inú afẹ́fẹ́, ó ń tẹ̀ ní etí, ó ń há lójú ọ̀nà, lẹ́tà kì í sì í lẹ̀ mọ́ ọn dáradára. Nígbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, gbígbẹ afẹ́fẹ́ ń jẹ́ kí bébà lẹ̀ mọ́ ara wọn, kí ẹ̀rọ sì fa méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nítorí náà, kí bébà wà nínú ọ̀rá rẹ̀ títí a óò fi lò ó, kí a má sì kó ju èyí tí a óò lò láìpẹ́ lọ sínú ẹ̀rọ. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ náà kì í dá àwọn irin kékeré tí ó wà lẹ́nu wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí. Bí a bá fa wáyà yọ tí a rí i pé ẹnu rẹ̀ ti dípẹtà, kí a pààrọ̀ rẹ̀.

Àdírẹ́sì Tí Ó Yí Padà

Ibi tí a dé yìí ni mo fẹ́ kí a ti fẹ̀ jókòó, nítorí pé nínú gbogbo ohun tí ń pa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lẹ́nu mọ́ ní ilẹ̀ wa, èyí ni ó wọ́pọ̀, òun náà sì ni ó ń fara pamọ́ jù. Gbogbo ohun tí ó bá wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ó ní àdírẹ́sì, nọ́ńbà mẹ́rin tí àmì ìdánudúró yà sọ́tọ̀ síra, bí i 192.168.1.50. Ráútà ni ó sábà máa ń pín àdírẹ́sì yìí fún kọ̀ǹpútà, fóònù àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bí wọ́n ti ń dé, fún ìgbà díẹ̀ ni ó sì ń yá wọn. Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí àwọn oníná bá mú iná lọ, tí a sì tan jẹnẹrétọ̀. Gbogbo nǹkan kú lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n wọn kì í jí lẹ́ẹ̀kan. Ráútà gbàgbé àwọn tí ó ti pín àdírẹ́sì fún, fóònù ẹnìkan ṣáájú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé, ó sì gba 192.168.1.50; nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jí, 192.168.1.53 ni ráútà fún un. Àwọn kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé ohunkóhun yí padà, àdírẹ́sì àtijọ́ ni wọ́n ṣì ń fi ìwé ránṣẹ́ sí, ẹni tí ó sì wà ní àdírẹ́sì náà kò mọ ìwé í tẹ̀. Ẹ̀rọ dá ṣáṣá, wáyà dá ṣáṣá, kọ̀ǹpútà dá ṣáṣá, síbẹ̀ ìwé kò jáde.

Bí a óò ti mọ̀ ọ́n rèé. Ojú ìwé àyẹ̀wò tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde máa ń sọ àdírẹ́sì rẹ̀, tàbí kí a rí i lójú ẹ̀rọ náà níbi tí ètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ wà. Kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a sì lọ sí ibi ètò ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nínú kọ̀ǹpútà, ní abala tí Windows ń pè ní Ports, kí a wò ó bóyá nọ́ńbà tí ó wà níbẹ̀ bá èyí tí a kọ mu. Bí kò bá bá a mu, a ti mú olè náà. Bí ó bá bá a mu, kí a ṣí Command Prompt, kí a tẹ ping pẹ̀lú àdírẹ́sì náà; bí ìdáhùn bá wá, ọ̀nà là; bí kò bá sí ìdáhùn, ọ̀nà dí níbì kan. Bí a bá sì fura pé ẹlòmíràn ti gba àdírẹ́sì ẹ̀rọ, kí a pa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kí a tún ping àdírẹ́sì kan náà: bí ìdáhùn bá ṣì ń wá nígbà tí ẹ̀rọ ti kú, àlejò ni ó ń dáhùn.

Àdírẹ́sì tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254 ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ ń sọ ni pé òun wá ẹni tí yóò fún òun ní àdírẹ́sì, òun kò rí i, òun sì fún ara òun ní ọ̀kan. Nígbà náà, ààrin ẹ̀rọ àti ráútà ni kí a wò: iná kékeré tí ó wà níbi tí a ti ti wáyà bọ inú ẹ̀rọ, ṣé ó ń tàn? Súìṣì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ìyẹn àpótí tí ó so àwọn wáyà pọ̀, ṣé iná wọ inú rẹ̀? Wáyà náà, ṣé kò ju mítà 100 lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni agbára wáyà Ethernet pin sí? Bí ó bá jẹ́ Wi-Fi ni ẹ̀rọ ń lò, ṣé kò jẹ́ pé a yí páswọ́ọ̀dù padà, tàbí pé ráútà tuntun ń gbé ìgbì 5GHz nìkan jáde nígbà tí ó jẹ́ pé 2.4GHz ni ẹ̀rọ náà gbọ́? Ní ọ́fíìsì tí ó ní ráútà méjì láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ fóònù méjì, ó sì ṣeé ṣe kí kọ̀ǹpútà wà lórí ọ̀kan kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì wà lórí èkejì, kí nọ́ńbà kẹta àdírẹ́sì wọn sì yàtọ̀ síra. Wọn kì yóò rí ara wọn títí a óò fi kó wọn sórí ọ̀kan ṣoṣo.

Ìwòsàn rẹ̀ kò le, ó sì ń pẹ́. Kí a wọ inú ètò ráútà, kí a ní kí ó ya àdírẹ́sì kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kí ó má fún ẹlòmíràn láéláé. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ kọ sí i lára, èyí tí a ń pè ní MAC address, ni ráútà yóò fi máa mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò lè wọ inú ráútà lè kọ àdírẹ́sì sínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó yan nọ́ńbà tí kò sí lára èyí tí ráútà ń pín, kí ìjà má baà tún ṣẹlẹ̀. Ọ́fíìsì tí ó bá ti ṣe èyí, kí iná lọ, kí iná bọ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ yóò wà níbi tí a fi sí. Nínú gbogbo ohun tí mo sọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, bí òǹkàwé bá ṣe ẹyọ kan péré, èyí ni kí ó ṣe.

Ìlà Tí Ó Dí

Bí ping bá dáhùn tí ìwé kò sì jáde, kí a wo ìlà tí ìwé tò sí. Nínú kọ̀ǹpútà Windows, iṣẹ́ tí ń tò wọ́n ni a ń pè ní Print Spooler. Ìwé kan tí ó bàjẹ́ lójú ọ̀nà, bóyá nítorí pé iná lọ nígbà tí ó ń kọjá, lè jókòó sí iwájú ìlà kí ó má lọ kí ó má bọ̀, kí àwọn ogún tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì máa wò ó. Kí a kọ́kọ́ gbìyànjú láti fagi lé ẹyọ tí ó wà níwájú yẹn. Bí ó bá kọ̀ tí kò lọ, kí a sọ fún gbogbo ilé pé ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ yóò parẹ́, kí a wọ inú Services, kí a dá Print Spooler dúró, kí a ṣí àpò PRINTERS tí ó wà ní C:\Windows\System32\spool, kí a pa gbogbo ohun tí ó wà nínú àpò náà rẹ́, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ nìkan, kì í ṣe àpò fúnra rẹ̀, kí a sì tún jẹ́ kí Print Spooler máa ṣiṣẹ́. Ní orí Linux, ojú ìwé CUPS tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà 631 ni a ti ń rí ìlà náà. Ó lè jẹ́ pé CUPS ti dá ẹ̀rọ dúró lẹ́yìn àṣìṣe kan, tí kò sì ní tú u sílẹ̀ títí ènìyàn yóò fi ní kí ó tẹ̀síwájú. Kí a sì wò bóyá ibi ìpamọ́ kọ̀ǹpútà náà kò kún, nítorí pé ibi tí kò bá sí àyè, ìlà kò lè tò.

Ohun mìíràn tí ń ya ènìyàn lẹ́nu ni kí kọ̀ǹpútà máa kéde pé ẹ̀rọ kò sí nílé, nígbà tí ẹ̀rọ wà níbẹ̀ tí ping sì ń dáhùn. Lọ́pọ̀ ìgbà, SNMP, ìyẹn ìbéèrè ìlera tí Windows máa ń bi ẹ̀rọ, ni ẹ̀rọ kò dáhùn. Kí a yọ àmì rẹ̀ kúrò nínú ètò Ports, ẹ̀rọ yóò sì padà wálé.

Bí ìwé bá jáde, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé àmì àti lẹ́tà tí kò ní orí tí kò ní ìdí ni ó kún ojú bébà lẹ́yìn bébà, kí a má bẹ̀rù, nítorí pé ìròyìn ayọ̀ wà nínú rẹ̀: ọ̀nà là láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èdè ni kò yé ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kọ̀ọ̀kan ní èdè tí ó gbọ́, PCL ti Hewlett-Packard ni àwọn kan ń gbọ́, PostScript ti Adobe ni ti àwọn mìíràn, driver tí a fi sínú kọ̀ǹpútà ni ó sì ń bá wọn sọ ọ́. Kí a yọ driver tí kò bá a mu, kí a fi èyí tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ kọ fún un sípò rẹ̀.

Ogiri Tí Ó Lanu

Bí ogiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ọ́. Ní oṣù Agẹmọ ọdún 2021, gbogbo ayé gbọ́ nípa àlàfo kan tí ó wà nínú Print Spooler Windows, tí a pè ní PrintNightmare, èyí tí ó lè jẹ́ kí ẹni tí kò ní àṣẹ gba àkóso kọ̀ǹpútà. Microsoft sì sáré gbé àtúnṣe jáde, àní fún Windows 7 tí ó ti dẹ́kun àti máa tọ́jú. Nígbà tí àtúnṣe ti oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún náà dé, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì tí ń pín ẹ̀rọ ìtẹ̀wé láti orí kọ̀ǹpútà kan bẹ̀rẹ̀ sí í rí àṣìṣe 0x0000011b, ọ̀pọ̀ sì yọ àtúnṣe náà kúrò kí ìwé lè jáde. Èyí kì í ṣe ọgbọ́n, nítorí pé ilẹ̀kùn tí a dí ni wọ́n tún ṣí sílẹ̀. Ohun tí ó tọ́ ni kí a fi àtúnṣe sí gbogbo kọ̀ǹpútà pátá, èyí tí ń fúnni àti èyí tí ń gbà, kí ọ̀rọ̀ wọn lè bára mu. Tàbí kí a jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan máa bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ tààrà ní àdírẹ́sì rẹ̀. Kí a sì yí páswọ́ọ̀dù tí ẹ̀rọ bá wá láti ilé-iṣẹ́ padà, kí a má sì ṣí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sí íntánẹ́ẹ̀tì gbangba rárá.

Ìtọ́jú Tí Ó Ju Ìwòsàn Lọ

Iná ilẹ̀ wa ni ó ń bí ìdajì àwọn ìyà tí mo ti ń sọ yìí, a sì lè fi ọgbọ́n dín in kù. Ráútà, súìṣì nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti àpótí print server kì í jẹ iná púpọ̀. Kí a so wọ́n mọ́ UPS tàbí inverter, kí wọ́n má baà máa kú kí wọ́n máa jí. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé laser mọ́ UPS kékeré, nítorí pé nígbà tí ó bá ń gbóná láti fi toner lẹ̀ mọ́ bébà, iná tí ó ń fà lójijì lè ba UPS náà jẹ́. Ẹ̀rọ tí ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ iná tí ó ga lójijì nìkan ni kí a fi sí i lẹ́nu. Nígbà tí iná bá sì padà dé, kí a tan ráútà àti súìṣì ná, kí wọ́n fìdí múlẹ̀, kí a tó tan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kí kọ̀ǹpútà sì kẹ́yìn.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan ní ìwé kékeré kan tí yóò máa wà nítòsí ẹ̀rọ, nínú èyí tí a kọ orúkọ ẹ̀rọ sí, àdírẹ́sì rẹ̀, nọ́ńbà MAC rẹ̀, irú driver tí ó ń lò, ọjọ́ tí a pààrọ̀ toner, àti ohun tí a ṣe nígbà kọ̀ọ̀kan tí ó bá dákẹ́. Páswọ́ọ̀dù ni kí ọ̀gá ibi iṣẹ́ pa mọ́ sí ibòmíràn. Òṣìṣẹ́ tí ó mọ ọ̀rọ̀ náà lè gba ìyípadà lọ sí ìlú mìíràn, ọmọ iṣẹ́ lè gba òmìnira, ṣùgbọ́n ohun tí a kọ sílẹ̀ kì í bá wọn lọ. Etíkun tí ìwé ti gúnlẹ̀ láti àtètèkọ́ṣe kò gbọdọ̀ jẹ́ ibi tí a ti ń fi ìmọ̀ iṣẹ́ sílẹ̀ sí inú orí ẹnìkan ṣoṣo.

Mo bẹ àwọn ọ̀gá ilé-ìwé, ilé ìwòsàn àti ọ́fíìsì wa, kí wọ́n yan ẹnìkan tí yóò máa bójú tó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn, kí wọ́n sì fún un láyè láti kọ́ iṣẹ́ náà dáradára. Mo sì bẹ ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ má jẹ́ kí oníbàárà tí ń kánjú sọ yín di ẹni tí ń tú ẹ̀rọ kí ó tó béèrè. Bí a bá fi sùúrù pa èèrà, a óò rí ìfun inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì mọ ibi tí ìwé ti dúró, iṣẹ́ àtúnṣe tí ó kù fún un kò tó nǹkan.